Ọwọ́ Tó Kọ Ebè Ló Ni Ebè

"Tún un sọ. Sọ ọ́ sókè kí bàbá tó bí wa gbọ́ ọ nínú ilẹ̀ tó wà. Kí lo ní o tà?"

Ohùn Àwẹ̀ró gba orí ebè kọjá, ó lé àwọn ẹ̀gà irin tó bà sórí òpó oko rẹ̀ dìde, wọ́n sì ń fi ojú gíláàsì wọn wá ẹni tó ń pariwo. Ọ̀jẹ́wálé, àbúrò rẹ̀, kò gbójú sókè. Òpó tirẹ̀ wà léjìká rẹ̀, ó gbé e bí ẹni gbé igi ìdáná. Òpó náà ṣókùnkùn láti orí dé ìdí. Kò sí àwọ̀ kankan tó ń tàn lára rẹ̀.

"Ọwọ́ mi ni mo tà, ẹ̀gbọ́n mi. Mo tà á fún ilé-iṣẹ́ Ìkórè-Yanturu lánàá. Wọ́n ń bọ̀ wá gbà á lónìí, tí òjìji òpó bá ti wọ abẹ́ òpó."

"Ọwọ́ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú."

"Òun náà ni."

"Ọwọ́ tó kọ ìdajì oko yìí."

"Ó ju ìdajì lọ," ni Ọ̀jẹ́wálé wí. "Ẹ wo òpó yín."

Àwẹ̀ró kò wò ó. Ó ti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí iṣu ti hù ni òpó oko rẹ̀ ti ń tàn bí èso ìyeyè tó pọ́n, àwọ̀ ọwọ́ Ọ̀jẹ́wálé, dípò pupa tó jẹ́ tirẹ̀. Kò kà á sí. Ta ní í ka irú rẹ̀ sí láàárín ọmọ ìyá? Orúnkún ló ń dà á láàmú nígbà ìkọbè, àbúrò rẹ̀ wá bá a ṣe àáró, ó kọ ebè bí ẹni tí iná ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Ọpẹ́ lèèyàn ń dá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọn kì í tìtorí rẹ̀ máa ṣọ́ àwọ̀ òpó.

Bàbá Rántí, ọkọ rẹ̀, tó jókòó sábẹ́ igi irú tó ń lọ́ okùn, gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ọdún tí ìjì eruku pupa jà.

"Àwẹ̀ró, àwọ̀ wo ló ń tàn?"

"Ìyeyè."

"Ìyeyè náà lo wí fún mi níjọ́sí. Mo ní kí ló dé, o ní kò ṣe nǹkan kan."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Rántí, ẹ jẹ́ n bá ẹnì kan jà tán kí n tó kan ẹlòmíràn."

Ó mú ọkọ́ rẹ̀ nílẹ̀, ó wọ inú poro, ó dúró ti ebè tó súnmọ́ ọn jù, ọ̀kan nínú èyí tí Ọ̀jẹ́wálé kọ. Ewé iṣu ti gun ọ̀pá dé àyà èèyàn. Ó gbé ọkọ́ sókè. Kí ó tó balẹ̀, ojú kékeré tó wà lọ́rùn ọkọ́ ṣẹ́, ọkọ́ náà ké bí ọmọ ewúrẹ́, irin rẹ̀ sì ká wọ inú èèkù bí orí ahun.

"Kì í ṣe ọwọ́ yìí," ni ọkọ́ náà wí, ní ohùn obìnrin tí ìyá kankan kò bí. "Kì í ṣe ọwọ́ yìí ló kọ ọ́."

Àwẹ̀ró jù ú sílẹ̀. "Ó wá gbọ́n ju ẹni tó rà á lọ."

Nígbà tí òfin náà kọ́kọ́ jáde, gbogbo Ọ̀dàn Elérùú ló jó. Ọwọ́ tó kọ ebè ló ni ebè, òun nìkan ló sì lè wó o. Ọwọ́ tí ebè rẹ̀ pọ̀ jù ló ni oko, àwọ̀ rẹ̀ ni òpó oko sì ń tàn. Ó tán fún àwọn ọlọ́lá tó ń jókòó sílùú tí wọ́n ń pe ilẹ̀ tí wọn kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí ní ti bàbá wọn. Wọ́n pa ewúrẹ́, wọ́n gbé àwọn tó ṣòfin gun ẹṣin. Kò sẹ́ni tó béèrè pé bí wọ́n bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọwọ́ ńkọ́. Ẹni tó ń jó kì í wo ibi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀.

"Kí ni mo fi ṣe ọ́, Ọ̀jẹ́wálé? Ṣé mo bú ìyá rẹ ni? Ìyá rẹ nìyá mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni àáró kàn?"

"Àáró wo?"

"Àáró ìgbà òjò ìkọbè. Òjò kan ṣoṣo tí wọ́n ń tú sílẹ̀ fún wa ká fi kọ ebè, tó jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá ti gbẹ lẹ́yìn rẹ̀, ó di àpáta, ọkọ́ ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹgbẹ́ wa ti ṣe ti Ẹlẹ́mọṣọ́. Wọ́n ti ṣe ti opó Sàláwù. Ta ló wá kàn?"

Bàbá Rántí wú ikọ́ kan tí kì í ṣe ikọ́.

"Èmi ló kàn," ni Ọ̀jẹ́wálé wí. Kò pariwo. Ìbá pariwo ni, ìbá rọrùn fún Àwẹ̀ró láti dá a lóhùn. "Ẹ dúró sójú ọ̀nà, ẹ ní kí ẹgbẹ́ yà sí tiyín ná, pé orúnkún ń dùn yín. Ẹ ní àáró kì í kú, pé tèmi kò ní í ju ọ̀la lọ. Mo gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni yín. Èmi náà yà, mo kọ tiyín bí ẹni tó ń kọ ti ara rẹ̀. Ọ̀la dé, oòrùn yọ, ilẹ̀ le. Ẹgbẹ́ àáró wo koríko mi, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n lọ sílé. Ṣé mo parọ́?"

"O ò parọ́."

"Òní wá ni ọjọ́ ìkawọ́. Tí oòrùn bá ń wọ̀, ẹ̀gà á fò kiri, wọ́n á wo òpó olúkúlùkù. Ẹni tí òpó rẹ̀ bá ṣókùnkùn, wọ́n á kó o kúrò ní ọ̀dàn. Bí wọ́n ṣe kó Rántí lọ nìyẹn."

Orúkọ náà bọ́ sáàárín wọn bí ìgbà tí àwo fọ́. Rántí ọmọ wọn wà nílùú, ó ń nu gíláàsì ilé gogoro tí kò mọ ẹni tó ni ín. Ohùn rẹ̀ nìkan ló ń wá sílé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tòun ti ariwo afẹ́fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Lílé ni wọ́n máa lé mi," ni Ọ̀jẹ́wálé ń bá a lọ. "Mo wá rò ó pé kí n kúkú ta ọwọ́ náà kó tó di ohun tí wọ́n ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní àwọn á fún mi nílé. Gbogbo ebè tí mo ní láyé, orí ilẹ̀ yín ló wà, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ sọ ibi tí mo ní òmíràn sí."

Ilẹ̀ gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Awaṣu, ẹ̀rọ ìkórè ilé-iṣẹ́ náà, ló ń bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ga ju igi irú lọ, ikùn rẹ̀ ṣófo, ó ń mì bí ikùn ẹran tí ebi ń pa. Bí ó bá dúró lórí ebè, ọwọ́ irin méjì á sọ̀ kalẹ̀, á gbé ebè, iṣu, ewé àti ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní í jẹ́ kí erùpẹ̀ já bọ́. Ó kúnlẹ̀ sétí oko bí ràkúnmí. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀, agbòòrùn kan tó ń dá fò sì ń tẹ̀lé e lókè orí. Gbádégẹṣin ni, agbọwọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Bàtà rẹ̀ funfun. Eruku ọ̀dàn kò tíì mọ̀ ọ́n.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Oko yín dára."

"Ta ni ìyá rẹ? Ṣé ìyá tó bí ọ kò kọ́ ọ pé wọn kì í kí ẹni tí wọ́n wá jà lólè?"

Gbádégẹṣin rẹ́rìn-ín. Ó jọ pé wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rín in. "Ìyá, ọjà la rà. Ọwọ́ tó ń jọba lóko yìí ti gbà, ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìwé. Òjìji òpó la kàn ń dúró dè." Ó wo ilẹ̀. Òjìji òpó Àwẹ̀ró kò gùn ju apá ọmọdé lọ mọ́.

"Bí òjìji bá wọlé, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì jọba mọ́ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé kò sí ọjà nìyẹn. Èmi àti Awaṣu á yí padà." Ó gbé èjìká. "Ṣùgbọ́n ta ni yóò wó ebè ara rẹ̀ nígbà tí iṣu ti hù nínú rẹ̀, tí òjò kò sì ní padà wá?"

Àwẹ̀ró yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Àlàó," ló pè é. Ó ti pẹ́ tó ti fi oríkì pè é gbẹ̀yìn.

"Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀."

"Àlàó, wó wọn. Ìwọ nìkan ni ọkọ́ ò ní ké mọ́. Wó wọn títí òpó yóò fi pupa."

"Kí n wó wọn, kí n wá di kí ni? Oko á padà di tiyín. Òpó mi á ṣókùnkùn bó ṣe wà yìí. Wọ́n á kó mi lọ lálẹ́ òní, ilé tí wọ́n ṣèlérí fún mi á sì lọ. Ẹ ti jẹ ẹran ara mi lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún fẹ́ fọ́ egungun."

"Mo fún ọ ní àkùrọ̀."

Bàbá Rántí dáwọ́ okùn lílọ́ dúró.

Àkùrọ̀ náà wà nísàlẹ̀ oko, níbi tí omi kékeré kan tí àwọn olùpín òjò kò tíì rí pa ń gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ kì í ti í le. Bí èèyàn bá kọ ebè sí i lónìí, tó sì sin iṣu tó ti hù sí i, iṣu náà á yè. Iṣu orí òkè ń lọ sọ́jà, iṣu àkùrọ̀ ló ń lọ sínú ìkòkò. Àwẹ̀ró kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fi ọkọ́ kàn án rí. Gbogbo ebè tó wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún.

"Ilẹ̀ tí ebè wà lórí rẹ̀ kò ṣeé pín," ni Ọ̀jẹ́wálé wí. "Òfin ni. Ebè yín ló kún ibẹ̀."

"Mo mọ̀. Ìwọ wó tìrẹ. Bí òpó bá ti pupa, tí àwọn wọ̀nyí bá ti kúrò lójú mi, màá wó tèmi fún ọ. Wàá ri òpó rẹ síbẹ̀, wàá kọ ebè kí oòrùn tó wọ̀."

"Tí wọ́n bá ti kúrò." Ọ̀jẹ́wálé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dé ojú. "Lọ́la, àbí? Àáró kì í kú."

Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n dá padà fún Àwẹ̀ró, ó gbóná ju bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ. Ó wo òpó. Ìyeyè. Ó wo àkùrọ̀. Ọkàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò, ìṣirò náà kò sì dára níbi kankan. Bí òun bá kọ́kọ́ wó ti àkùrọ̀, pupa tó kù lóko á túbọ̀ dínkù. Bí Ọ̀jẹ́wálé bá wá káwọ́ gbera lẹ́yìn náà, á jẹ́ pé òun fi ọwọ́ ara òun gbé ilẹ̀ bàbá wọn fún Awaṣu, òun tún fi iṣu ìkòkò ṣe jàárá lé e lórí. Bí òun kò bá sì wó o, ọmọ yìí kò ní í gbé ọkọ́. Ó mọ̀ ọ́n. Agídí tó wà lójú rẹ̀ yẹn, inú kan náà làwọn méjèèjì ti gbé e jáde.

"Bàbá Rántí," ló wí, láìyíjú sí i. "Ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ?"

"Ojú mi ló fọ́." Ọkùnrin náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ okùn rẹ̀. "Àwẹ̀ró, o jẹ gbèsè àáró. Iṣẹ́ ni wọ́n fi ń san án. N kò rí ẹni tó fi ẹnu san án rí."

"Kí la ó máa jẹ?"

"Ohun tí Ọ̀jẹ́wálé rò pé òun máa jẹ nígbà tí ilẹ̀ le mọ́ ọn lọ́wọ́."

Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀, ó mú ọkọ́. Irin rẹ̀ yọ jáde padà nígbà tó mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó kọjá lára àbúrò rẹ̀, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àkùrọ̀, ó ń tiro díẹ̀.

Ebè àkọ́kọ́ ló le jù. Ìtàkùn rẹ̀ ti gba ọ̀pá méjì, ó ń wá ẹ̀kẹta. Ó gbé ọkọ́ sókè. Ọkọ́ kò ké. "Ọwọ́ yìí ni," ló wí, ó sì balẹ̀. Erùpẹ̀ dúdú là sí méjì, iṣu kékeré tó ti ta gbòǹgbò funfun yọ síta bí ọmọ tí wọ́n ṣí aṣọ lára rẹ̀ nínú òtútù. Àwẹ̀ró gbé e, ó tẹ́ ẹ sórí ewé tútù, ó bo ìdí rẹ̀. Ó bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e. "Ọwọ́ yìí ni." Ó tún bọ́ sórí òmíràn. "Ọwọ́ yìí ni." Láìpẹ́, ó ń wó wọn bí ẹni tí inú ń bí sí wọn. Òógùn wọ ojú rẹ̀. Kò nù ún.

"Ìyá, ẹ ń ràn wá lọ́wọ́ o," ni Gbádégẹṣin ké sí i látòkè. "Òpó yín ò rántí pupa mọ́."

"Dúró de ìgbà tí n bá gòkè," ni Àwẹ̀ró dá a lóhùn, ọkọ́ rẹ̀ kò dúró. "Bàtà rẹ yẹn ò ní í funfun délé."

Ọ̀jẹ́wálé dúró lókè, òpó rẹ̀ ṣì wà léjìká. Ó ń wo ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń tẹ̀, tó ń nà, tó ń tẹ̀. Ìgbà kan wà tí ẹ̀yìn yẹn gbé e kọjá odò tó kún. Ó gbé òpó náà láti èjìká kan sí èkejì, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wúwo.

Nígbà tí Àwẹ̀ró gòkè padà, kò sí ebè kan tó dúró ní àkùrọ̀ mọ́. Ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Kò tọrọ. Ó gba òpó léjìká àbúrò rẹ̀, ó tún sọ̀ kalẹ̀, ó fi gbogbo agbára rì í sáàárín ilẹ̀ tó tú, ó fi ẹsẹ̀ kì í nídìí. Òpó náà ṣókùnkùn síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró. Ó gòkè wá lẹ́ẹ̀kejì, èémí ń já mọ́ ọn lẹ́nu.

"Àáró rẹ nìyẹn," ló wí. "Ó pẹ́. Mo ti san án. Ìyókù wà lọ́wọ́ rẹ."

"Àwọ̀ wo ló ń tàn?" ni Bàbá Rántí béèrè.

"Ìyeyè," ni Àwẹ̀ró wí. "Ìyeyè tó mọ́ gaara."

Òjìji òpó kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ mọ́.

Gbádégẹṣin súnmọ́ Ọ̀jẹ́wálé, agbòòrùn rẹ̀ sì na òjìji rẹ̀ bo àwọn méjèèjì. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń gba ọ̀rẹ́ níyànjú. "Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ́wálé, ilé yín ti wà ní ṣíṣí. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Omi ń jáde lára ògiri. Ẹ ò ní í ri ọwọ́ bọ ẹrẹ̀ mọ́ láyé yín."

"Ilẹ̀ wà níbẹ̀?"

"Ilẹ̀ kẹ̀?" Inú Gbádégẹṣin dùn sí ìbéèrè náà. "Ilé yín ga ju ibi tí ẹyẹ ń fò lọ. Ẹ ò tún ní í fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ mọ́."

Ọ̀jẹ́wálé wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó wo òpó rẹ̀ tó dá dúró nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, nínú erùpẹ̀ dúdú tó ṣì ń rú ooru. Ó yọ kúrò lábẹ́ agbòòrùn náà, ó nawọ́, ó fa ọkọ́ tirẹ̀ tó wà lára igi irú.

"Ẹ sún sẹ́yìn," ló wí fún Gbádégẹṣin. "Bàtà yín."

Ọkọ́ rẹ̀ sì balẹ̀ lórí ebè.

Ẹni tí kò bá rí ẹni tó ń wó iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ rí kò lè mọ bó ṣe ń dún. "Ọwọ́ yìí ni," ni ọkọ́ ń wí, "ọwọ́ yìí ni, ọwọ́ yìí ni," títí ohùn rẹ̀ fi so mọ́ra bí òjò. Ọ̀jẹ́wálé kò tẹ́ iṣu kankan sórí ewé. Àyè rẹ̀ kò sí. Ó ń tú poro lẹ́yìn poro, ewé tútù ń fò, ọ̀pá ń ṣẹ́. Àwẹ̀ró ń bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ń yún un, ọkọ́ ń bẹ nínú rẹ̀, kò sì lè fi kan ohunkóhun. Ohun tí ẹnu lè ṣe nìkan ló kù fún un. Ó la ẹnu, ó gbé ìpè tí aṣáájú àáró máa ń gbé kí ẹni tó rẹ̀ má baà jókòó, ìpè tí kò gbé mọ́ láti ọjọ́ tó ti dúró sójú ọ̀nà.

"Ta ló kù lẹ́yìn?"

Abẹ́ igi irú ni èsì ti wá, ohùn Bàbá Rántí, tó ń fi igi lu igi.

"Kò sẹ́ni tó kù lẹ́yìn."

"Mo ní ta ló kù lẹ́yìn?"

"Kò sẹ́ni tó kù lẹ́yìn," ni Ọ̀jẹ́wálé wí lábẹ́ eyín, ọkọ́ sì yára sí i.

Gbádégẹṣin kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti ń bá ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, kíákíá, ní ohùn tí kò dùn. Awaṣu dìde lórí orúnkún rẹ̀. Kò lè gbé ebè kankan kí òjìji tó wọlé, òfin dè é, ṣùgbọ́n kò sófin tó ní kó má dúró nítòsí oúnjẹ. Ó gbẹ́sẹ̀ wọ inú oko. Òkùnkùn ikùn rẹ̀ bo poro tí Ọ̀jẹ́wálé wà.

"Àwọ̀ wo ló ń tàn?"

"Ìyeyè, Bàbá Rántí. Ṣùgbọ́n ó ti ń ṣá."

Ẹ̀jẹ̀ ti wà lára èèkù ọkọ́. Ọ̀jẹ́wálé nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó tún dì í mú. Ó wó ebè kan. Ó wó òmíràn. Orí òpó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, ìyeyè, pupa, ìyeyè, pupa, bí ojú ẹni tí oorun ń gbé. Gbogbo ọ̀dàn ló mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ọwọ́ méjì ti dọ́gba. Ebè kan péré ló kù tó máa sọ ẹni tó ni oko.

Ó dé ìparí poro. Ebè kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó tún kù wà lódìkejì oko, ibẹ̀ kò sì ṣeé sá dé mọ́. Ọwọ́ irin Awaṣu méjèèjì ti sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ebè náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Wọn kò tíì fọwọ́ kàn án. Wọ́n ṣí sílẹ̀, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń dúró.

"Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ́wálé," ni Gbádégẹṣin wí, ẹ̀rù sì wà nínú ohùn rẹ̀, ẹ̀rù gidi. "Ẹ yọ orí yín kúrò níbẹ̀. Bí òjìji bá wọlé báyìí, ẹ̀rọ yẹn kò ní í mọ̀ yín yàtọ̀ sí iṣu."

Àwẹ̀ró wo ìdí òpó. Òjìji tó kù níbẹ̀ kò nípọn ju èékánná lọ.

"Àlàó," ló wí.

Lọ́tẹ̀ yìí, Ọ̀jẹ́wálé kò ní kí ó má pe òun bẹ́ẹ̀. Ó tẹ orí wọlé sáàárín ọwọ́ irin méjèèjì, ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó gbé ọkọ́ ga títí èèkù rẹ̀ fi kan ikùn Awaṣu.

"Àwọ̀ wo ló ń tàn?" ni Bàbá Rántí béèrè. "Ẹ dá mi lóhùn. Àwọ̀ wo ló ń tàn?"

Ọkọ́ Ọ̀jẹ́wálé gba àárín ọwọ́ irin méjèèjì, ó sì bọ́ sórí ebè.